Àárín Tó Ń Rìn

Abẹ́ agbọ̀n obì ni wọ́n ti bá òkú Mọ́ṣúdù. Agbọ̀n mẹ́fà ló wó lé e ní ìkangun ilé obì rẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Ìkòròdú, obì gbànja sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Mùsílímátù ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó rí ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ agbọ̀n. Ti òsì wú ju ti ọ̀tún lọ. Kò béèrè ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Kò kígbe, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jáde síta, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọlọ́pàá.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1956 ni. Sájẹ́ǹtì Ògúnsànyà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá Ìkòròdú, dé ibẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Kì í yára sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí gbogbo ènìyàn bá ti fẹnu kò lé lórí ni ara máa ń fu ú sí. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn ti fẹnu kò pé agbọ̀n ló já lu bàbá náà.

Ó lóṣòó ti òkú. Ojú ọgbẹ́ kan wà ní ìpàkọ́, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbé agbọ̀n kan wò. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ̀, nítorí ewé tútù ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ yíká. Okùn ìko tí wọ́n fi di ẹnu agbọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òsì ni gbogbo kókó okùn náà kọrí sí. Mùsílímátù sọ fún un pé òun ni òun ń di gbogbo agbọ̀n, ọlọ́wọ́ òsì sì ni òun.

"Ọ̀pá ìtìlẹ̀ bàbá dà?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

Ẹgbẹ́ tábìlì ló wà, nítòsí ilẹ̀kùn iwájú. Ògúnsànyà ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi tí òkú wà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni. Ó bi Mùsílímátù bóyá ọkọ rẹ̀ lè rìn tó bẹ́ẹ̀ láìmú ọ̀pá. Obìnrin náà ní láti ọdún méjì tí ẹsẹ̀ náà ti wú, kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta láìmú un.

A jẹ́ pé ẹnìkan ló wọ́ ọ débẹ̀.

Eruku ewé gbígbẹ bo gbogbo nǹkan inú ilé náà, àfi ibì kan. Igi ìdábùú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí ọ̀sà, tutù ní orí kan, ó sì mọ́ tónítóní. Ẹnìkan ti fọ̀ ọ́. Lórí tábìlì, pẹ́ńsù kan wà, pẹ̀lú rọ́bà ìpawérẹ́ àti ìwé kan tí ó ti kún. Mùsílímátù ní ìwé tuntun tí èèpo rẹ̀ pupa ni ọkọ òun ń lò báyìí. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i.

Nígbà tí Ògúnsànyà ti ilẹ̀kùn iwájú láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ìlà kan tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ síbẹ̀: 32, 33, 32, 30, 28. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó dà á kọ sínú ìwé rẹ̀.

Kọ́ńsítébù Sàlàkọ́, tó bá a wá, ló rí fìlà. Ó wà nílẹ̀, kò tó ìṣísẹ̀ kan sí òkú. Gbogbo àwọn tó dúró síta ló mọ fìlà náà. Ti Tàjùdéèn ni, alágbàṣe tó ń gbé agbọ̀n fún Mọ́ṣúdù fún ọdún mẹ́fà, tí Mọ́ṣúdù lé lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nítorí pé agbọ̀n mẹ́ta dàwátì. Ẹlẹ́ja kan tilẹ̀ ní òun rí Tàjùdéèn lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú ní nǹkan bí àkókò ìrun Àílà.

Ògúnsànyà fúnra rẹ̀ ló lọ mú un lọ́jà Ìkòròdú. Tàjùdéèn kò sá. Ó ní òótọ́ ni òun wá, òun wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba òun padà. Òun kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, òun sì bá tòun lọ. Fìlà náà, ó ní orí ìṣó ni òun fi sí lọ́jọ́ tí wọ́n lé òun, ojú sì ń ti òun láti padà wá mú un. Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgọ́ ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó di ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ṣùgbọ́n ọkàn Ògúnsànyà kò balẹ̀. Tàjùdéèn kò mọ̀wé. Kí ni yóò fi ìwé èèpo pupa ṣe?

*

Ní ọjọ́ kejì, Síkírù dé láti Ẹ̀pẹ́. Mọ́ṣúdù ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti dàgbà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó mọ́ra, ọmọlúwàbí ni lójú gbogbo ará Ẹ̀bútẹ́. Ó sunkún títí tí àwọn àgbà fi dì í mú. Lẹ́yìn náà ló wá bá Sájẹ́ǹtì nílé obì láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bàbá ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Rẹ́mọ, ó ń kó o pamọ́, ó sì ń tà á ní Ẹ̀pẹ́ fún àwọn oníbàárà tó ń fi ọkọ̀ wá láti òdìkejì omi. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà Ẹ̀pẹ́ ń pé. Ní gbogbo ọjà, Síkírù a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, a sì mú iye tí agbọ̀n obì kan ń lọ bọ̀ wá fún bàbá. Bàbá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ló ń sọ ìgbà tí yóò tà àti ìgbà tí yóò rà.

"Kí ló wà nínú ìwé náà gan-an?" Ògúnsànyà bi í.

"Ọ̀gá, èmi kò mọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó. Àmọ́ ìwé náà ló bà wọ́n jẹ́ nígbẹ̀yìn. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń ra agbọ̀n kan ní ṣílè méjìdínlógójì, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ìwé àwọn ní kí àwọn tà. Wọ́n ní kí n kó ogójì agbọ̀n fún oníbàárà kan láti Àgbọ̀wà ní ṣílè mẹ́tàlélógún."

"Orúkọ oníbàárà náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Bàbá ló bá a sọ̀rọ̀."

Ògúnsànyà bi í léèrè ibi tó wà ní Ọjọ́rú. Ó ní ọjà Ẹ̀pẹ́ ni, nítorí ọjọ́ ọjà ni. Òun wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí, òun wà lọ́jà títí ó fi tú, òun sì sùn ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní òun tilẹ̀ ti mú iye ọjọ́ náà dání fún bàbá, ṣílè mọ́kànlélógójì, láìmọ̀ pé bàbá kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ó tún nu ojú rẹ̀.

Kó tó lọ, ó dá ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni pé Mùsílímátù ti ń sọ láti ìgbà díẹ̀ pé òun yóò padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn òun ní Ìjẹ̀dẹ̀. Èkejì ni pé Kúbúrá, ìyá olóbì ńlá kan ní Ẹ̀pẹ́, wá sí ilé obì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn aládùúgbò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Ó ti pẹ́ tí Kúbúrá ti ń sọ káàkiri ọjà pé oògùn ni Mọ́ṣúdù fi ń mọ ìgbà tí obì yóò wọ́n.

Ògúnsànyà nawọ́ sí ìlà ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Èyí ńkọ́?"

Síkírù wò ó. "Iye agbọ̀n tó wà nílé ni, ọ̀gá. Bàbá fẹ́ràn láti máa kà á."

Nígbà tó lọ tán, Sájẹ́ǹtì ní kí Sàlàkọ́ ka agbọ̀n inú ilé náà. Mọ́kàndínlógún ni.

Ó lọ bá Mùsílímátù nílé. Obìnrin náà jókòó láàárín àwọn tó wá kí i, ojú rẹ̀ gbẹ. Ìyẹn pàápàá ń jẹ Ògúnsànyà lọ́kàn. Ó bi í ìdí tí kò fi kígbe lọ́jọ́ náà. Ó ní bí òun bá kígbe, gbogbo Ẹ̀bútẹ́ ni yóò wọlé, wọn yóò sì tẹ gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ó bi í nípa Ìjẹ̀dẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni òun sọ ọ́, inú ń bí òun lọ́jọ́ náà, ọdún mẹ́tàlélógún ni òun sì ti ń sọ ọ́. Nígbà tó bi í ohun tí Kúbúrá wá ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun kò sí níbẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí Kúbúrá ti lọ ni ọkọ òun kò ti fẹnu kan oúnjẹ.

*

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ògúnsànyà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò fẹ́ràn omi. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú láti Ẹ̀bútẹ́ títí wọ́n fi kọjá Àgbọ̀wà.

Kúbúrá gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Obìnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ilé obì rẹ̀ sì tóbi ju ti Mọ́ṣúdù lọ. Ó fún un ní àga àti omi. Ó ní àwọn ti gbọ́ nípa ikú náà, Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún un. Sájẹ́ǹtì bi í pé ìgbà wo ló dé Ìkòròdú kẹ́yìn. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin.

Ògúnsànyà mu omi rẹ̀ tán.

"Ìyá, àwọn tó gbọ́ ohùn yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lé ní mẹ́rin. Mo lè mú wọn wá síbí. Mo sì lè mú yín lọ síbẹ̀."

Kúbúrá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ẹni tí òun ti ń bú láàárín ọjà, tí òun lọ bá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì kú ní Ọjọ́rú, ta ni yóò gbọ́ ti òun?

Obì ni Kúbúrá lọ rà. Obì ti ṣọ̀wọ́n ní Ẹ̀pẹ́, iye rẹ̀ sì ń gòkè ní gbogbo ọjà. Ó mọ̀ pé Mọ́ṣúdù kì í tà nígbà tí iye bá ń gòkè, nítorí náà ó dá a lójú pé obì yóò pọ̀ nílé rẹ̀. Mọ́ṣúdù ní òun ti ta ogójì agbọ̀n ní ṣílè mẹ́tàlélógún. Kúbúrá rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín, ó sì gbé ohùn sókè sí i.

"Ìgbà tí mo ní Ẹ̀pẹ́ ń ra agbọ̀n kan ní ogójì ni ó yíjú sí tábìlì," Kúbúrá wí. "Ó mú pẹ́ńsù. Ó ní kí n ka iye ọjà mẹ́ta tó kọjá fún òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ka wọ́n. Ó kọ wọ́n sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èyí tó ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa lọ ilé, pé òun yóò ránṣẹ́ sí mi. Kò bínú. Sájẹ́ǹtì, ó dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá."

Ògúnsànyà ní kó ka iye ọjà márùn-ún tó kọjá fún òun náà. Kúbúrá kò ronú rárá. Márùndínlógójì, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì, méjìdínlógójì, ogójì.

"Ti Ọjọ́rú tó kọjá ńkọ́?"

"Kò sí iye lọ́jọ́ náà. Ìjì jà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọkọ̀ kankan kò ti òdìkejì wá. Agbọ̀n obì kan ṣoṣo kò kúrò nílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀ láìgbé ojú sókè. Kó tó wọkọ̀, ó bi ẹlẹ́ja mẹ́ta àti ìmáàmù kan léèrè nípa ìjì náà. Ọ̀rọ̀ wọn bá tirẹ̀ mu.

Àmọ́ nínú ọkọ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì jìnnà dé ibì kankan. Síkírù purọ́ nípa ibi tó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè purọ́ nítorí obìnrin, kó má sì jẹ́ apànìyàn. Síkírù ní iye tòótọ́ ni òun ń sọ fún bàbá. Kúbúrá ní bàbá kò mọ iye tòótọ́. Bí Síkírù bá ń parọ́, ó ní ìdí láti pa á. Bí Kúbúrá bá ń parọ́, òun náà, tó ń bá Mọ́ṣúdù du ọjà, ní ìdí tirẹ̀, ó sì lówó tó lè fi rán ènìyàn ní Ẹ̀bútẹ́ láti ṣe é. Ìwé èèpo pupa nìkan ló lè sọ iye tí wọ́n mú wá fún Mọ́ṣúdù, ìwé náà kò sì sí. Lọ́jọ́ Ajé, Tàjùdéèn ni yóò dúró níwájú adájọ́.

*

Ní àárọ̀ Sátidé, ó padà lọ bá Mùsílímátù. Ó sọ òótọ́ fún un, pé ọ̀nà ti dí mọ́ òun. Ó fi ìlà tó dà kọ hàn án, ó ní ọ̀rọ̀ iye agbọ̀n yìí kò yé òun.

Mùsílímátù wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. "Ta ló ní iye agbọ̀n ni? Àárín tó ń rìn nìyẹn."

Wọ́n jọ lọ sí ilé obì. Ó gbé ìwé àtijọ́ tó ti kún wá, ó sì ṣàlàyé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìṣòwò òyìnbó kan ní Èkó ló ti kọ́ ọ. Iye ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó gbọ́kàn lé, nítorí òjò lè mú un gòkè, ọkọ̀ kan tó pẹ́ dé sì lè mú un wálẹ̀. Nítorí náà, ó máa ń ro iye ọjà márùn-ún pọ̀, a sì pín in sí ọ̀nà márùn-ún. Èyí ni àárín. Bí ọjà tuntun bá pé, yóò fi iye tuntun kún un, yóò yọ èyí tó pẹ́ jù kúrò, yóò sì tún un pín. Bí àárín náà ṣe ń bá ọjà rìn nìyẹn. Tí iye ọjọ́ kan bá ga ju àárín lọ, ó ń rà, ó sì ń di èyí tó ní mú. Tí iye bá wá sábẹ́ àárín ní ọjà méjì tẹ̀ lé ara wọn, ó ń tà. Kì í jèrè jù nínú ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kò gbé e ṣubú rí. Inú ìwé ni iye ń wà. Àárín ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó ti lè rí i láti orí àga rẹ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ ìlà yìí?"

"Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun."

Ògúnsànyà ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé àtijọ́. Iye márùn-ún ló kẹ́yìn níbẹ̀: ọgbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n. Ó tẹjú mọ́ wọn, ó tún wo ilẹ̀kùn. Ìṣirò kò rọrùn fún un láti ilé ìwé wá, ojú sì tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹ fún mi ní obì. Ó tó ọgọ́jọ tí mo nílò."

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ka obì sórí ẹní. Àárín àkọ́kọ́ lára ilẹ̀kùn ni méjìlélọ́gbọ̀n. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọgọ́jọ, èyí ni àpapọ̀ iye ọjà márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn wà nínú ìwé àtijọ́, nítorí ọgbọ̀n tó pẹ́ jù ti kúrò. Ó ka mọ́kàndínlọ́gbọ̀n obì kúrò, ó ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ka èyí tó kù lórí ẹní. Márùndínlógójì.

Iye àkọ́kọ́ nínú ìwé tó sọnù nìyẹn. Bí Kúbúrá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni.

Ó tún un ṣe fún àárín kejì. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ti Kúbúrá náà ni. Obìnrin náà kò purọ́ fún un, ìlà ṣọ́ọ̀kì náà kò sì ṣì.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lé lórí. Kúbúrá ní mẹ́rìndínlógójì. Obì tó kù lórí ẹní jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó tún un kà. Mùsílímátù náà kà á. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹ̀kẹrin jáde ní mẹ́tàlélógún, ẹ̀karùn-ún ní méjìlélógún.

Òkìtì obì wà láàárín wọn.

"Iye tí wọ́n mú wá fún wọn nìyẹn," Mùsílímátù wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́rú, omi wà lójú rẹ̀.

*

Ọjọ́ Àìkú, Ògúnsànyà àti Sàlàkọ́ gun lọ́rì lọ sí Àgbọ̀wà. Akọ̀wé tó ń já ìwé ọkọ̀ létí omi mọ Síkírù dáadáa. Ó ní lọ́jọ́ ìjì yẹn, Síkírù sọ̀kalẹ̀ ní Àgbọ̀wà pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́, èyí tó ya òun lẹ́nu. Ó juwe ilé kan fún wọn. Onílé náà ní Síkírù gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ òun ní oṣù tó kọjá. Inú yàrá náà ni wọ́n ti bá agbọ̀n obì méjìdínlógún. Ògúnsànyà tẹ̀ síwájú, ó wo okùn ẹnu wọn. Ọwọ́ òsì ni gbogbo kókó náà kọrí sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n pe Síkírù sí ilé obì. Mùsílímátù jókòó lórí àga ọkọ rẹ̀. Síkírù kí i, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí.

"Sọ iye obì ní Ẹ̀pẹ́ ní Ọjọ́rú fún mi," Ògúnsànyà wí.

"Mọ́kànlélógójì, ọ̀gá."

"Ìjì jà. Ẹnikẹ́ni kò ta obì."

Síkírù ní bóyá òun ṣì í gbọ́, ọkàn òun kò sí níbì kan láti ọjọ́ náà. Sájẹ́ǹtì kò jiyàn. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ìlà ṣọ́ọ̀kì sì hàn. Ó sọ fún un bí wọ́n ṣe ka obì, àti iye tó jáde. Ó sọ fún un nípa akọ̀wé ọkọ̀. Ó sọ fún un nípa yàrá ẹ̀yìn ní Àgbọ̀wà. Kò gbé ohùn sókè rárá.

Síkírù ń wo ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà yẹn. "Mo rò pé iye agbọ̀n ni," ó wí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún sẹ́ nǹkan kan mọ́.

Ọdún mẹ́jọ ló fi ń mú iye ọjà bọ̀ fún bàbá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bàbá ṣèlérí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin òun yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́rin pé, bàbá ní kó dúró. Ọdún mẹ́fà pé, ó ní kó dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́yàwó, òun ṣì ń sùn nínú yàrá tó ti sùn láti kékeré. Kò mọ ohun tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ́ bàbá fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ̀ pé tí òun bá mú iye tó lọ sílẹ̀ wá ní ọjà méjì, bàbá yóò tà. Nítorí náà, ó mú un wá. Agbọ̀n mẹ́ta tí wọ́n torí rẹ̀ lé Tàjùdéèn, òun ló kó wọn. Oníbàárà Àgbọ̀wà, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ta púpọ̀ nínú obì náà ní iye tòótọ́, ó fi owó tó bá irọ́ rẹ̀ mu jíṣẹ́ fún bàbá, ó sì fi agbọ̀n tó kù pamọ́ títí obì yóò fi tún wọ́n sí i.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá pè é. Ó ní kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó mú Kúbúrá bọ̀ wá, kí wọ́n jọ ka iye níwájú òun. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síkírù wọ ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ ní Àgbọ̀wà, ó jókòó ti obì inú yàrá náà, lẹ́yìn náà ló gun lọ́rì padà, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀," Síkírù wí. "Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi, pé àwọn yóò sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n wá kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń kọ̀wé lọ bí ẹni pé mo ti jáde. Igi ìdábùú wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo gbé e."

Ó wọ́ ọ lọ sí ìkangun, ó wó agbọ̀n lé e. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn iwájú, ó sì gbọ́ ohùn Tàjùdéèn. Nígbà tí ìṣísẹ̀ Tàjùdéèn jìnnà tán, ó mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ó fi omi ọ̀sà fọ igi náà. Ìwé èèpo pupa, ó so òkúta mọ́ ọn, ó sì jù ú sínú omi.

"Ká ní wọ́n kọ́ mi ní ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni," ó wí, "ǹ bá ti ní tèmi."

Mùsílímátù dìde. Ó sún mọ́ ọn títí ó fi dúró níwájú rẹ̀.

"Ṣé o mọ bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n? Mo béèrè ni. Ọjọ́ kan péré, mo ní kí wọ́n fi hàn mí, wọ́n sì fi hàn mí. Ọdún mẹ́jọ, Síkírù. O kò béèrè rí."

Síkírù gbórí wálẹ̀. Sàlàkọ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ògúnsànyà fúnra rẹ̀ ló ṣí àhámọ́. Ó sọ ohun gbogbo fún Tàjùdéèn, ó sì ní òun bẹ̀ ẹ́, òun ni òun ṣì í mú. Tàjùdéèn jókòó síbẹ̀. Kò dìde.

"Ọ̀gá, ọjà ni ẹ ti mú mi," ó wí. "Ojúmọmọ ni. Wọ́n rí mi. Ta ni yóò sọ fún wọn?"

Sájẹ́ǹtì dé fìlà ọlọ́pàá rẹ̀, ó de bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n wọ ọjà Ìkòròdú láti ẹnu ọ̀nà ibi tí àwọn aláṣọ wà. Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, Ògúnsànyà dúró. Ó kí obìnrin tó jókòó níbẹ̀, ó sì sọ fún un pé Tàjùdéèn kò mọ ohunkóhun nípa ikú Mọ́ṣúdù, ọlọ́pàá ló ṣì í mú. Ó ṣí lọ sí ìsọ̀ kejì, ó tún sọ ọ́. Ní ìkarùn-ún, àwọn ènìyàn ti ń wò. Ní ìkẹwàá, ohùn rẹ̀ ti ń há. Tàjùdéèn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, orí rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, ó ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oòrùn ti gun òkè gan-an. Ìsọ̀ tó kù ṣì pọ̀.